Wágónù Tí Kò Tíì Ṣiṣẹ́ Rí

Lọ́dún tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ohun tí wọn kò pín. Wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga, wọ́n pín òṣìṣẹ́ ìjọba bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Réluwéè nìkan ni kò dá ìjà sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ní in. Ojú irin kò gba Àkúrẹ́ kọjá, kò sì gba ìlú Oǹdó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láàárín wa, kó gbéra, ó di Òṣogbo. Inú irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Bọ́láwálé Akínwùmí jókòó sí tó ní òun yóò máa kan ọkọ̀ ojú irin.

Kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè wọ̀ o. Kékeré ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kì í sì í kan ti èrò. Ti ẹrù nìkan ló ń kàn, àpótí onírin tí àwọn ará réluwéè ń pè ní wágónù, tí wọ́n fi ń kó kòkó àti sìmẹ́ńtì. Bí o bá bi í léèrè pé kí ló dé tó fi fo ti èrò, á ní ariwo èrò ti pọ̀ jù.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Alágbàkà, ní Àkúrẹ́. Tó bá ti dé ilé wọn ní Ìjàpò nírọ̀lẹ́, orí tábìlì oúnjẹ ló ń dá dúró sí. Agolo sàdíìnì ló ń gé fi ṣe ara wágónù. Irin agboòrùn tó ti bàjẹ́ ló fi ń ṣe ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì kóòtù ni. Kóòtù wo? Èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ kò jà. Ó kàn ń sọ fún gbogbo àlejò pé ìgbéyàwó òun ń yí gbirigbiri lórí tábìlì báyìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Bọ́láwálé ń fẹ́ kó yin iṣẹ́ òun: Bàbá Ọláfimíhàn, tó ṣiṣẹ́ ní àgbàlá ẹrù réluwéè ní Ọ̀fà títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó wá padà sílé ní ìlú Oǹdó, ládùúgbò àwọn àna Bọ́láwálé. Òun ló gbé wágónù àkọ́kàn rẹ̀ lọ hàn. Pupa rúsúrúsú ni wágónù náà, ọ̀dà rẹ̀ ń tàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń pa dé. Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lábẹ́.

"Ó dára," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n wágónù yìí kò tíì ṣiṣẹ́ rí."

Ó dá a padà fún un bí ẹni tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ tó tọ̀ sí i lára padà.

Bọ́láwálé gbé e padà sílé. Ó ju wágónù náà sórí pẹpẹ ilé ìdáná, kò sì wo ibẹ̀ mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin mìíràn, ó búra pé ìwọ̀nyí yóò dà bí èyí tó ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ó rẹ ìṣó sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí omi náà fi pọ́n, ó ń fi í kùn wọ́n lára díẹ̀díẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbàrà-Òkè lọ gbá eruku nínú ilé tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí, ó sì gbé e bọ̀ wá sílé nínú ọ̀rá bí ẹni gbé wúrà. Ó ń fi abẹ́rẹ́ họ ọ̀dà tó kùn fúnra rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé, iṣẹ́ yìí ló ń ṣe. Ní ìpínlẹ̀ tí gbogbo ohun ìjọba ti ń dípẹtà láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ọkùnrin yìí nìkan ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìpẹtà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá Wúràọlá wà lọ́dọ̀ wọn. Ojú ló gbé e wá láti Oǹdó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan, wọ́n ní kó sinmi, wọ́n tún ṣe èkejì. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Ó rí jàǹkáríwọ̀ lókè àjà, ó rí epo lára sítóòfù, ó rí ìlà lójú Wúràọlá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ti fi àdéhùn sí Sátidé: Bọ́láwálé yóò gbé Ìyá padà sílé, yóò sì gba ibẹ̀ gbé wágónù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún Bàbá Ọláfimíhàn wò. Nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó bá wágónù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ẹní nínú oòrùn, láàárín ìkòkò àti àwo, wọ́n ń dán yanranyanran. Kànrìnkàn àti eérú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá Lọ́lá, ọma mi, káàbọ̀," ni Ìyá wí. "Ẹ̀gbin ni mo bá àwọn ọkọ̀ rẹ nínú rẹ̀. Ojú mi tí kò ríran tẹ́lẹ̀ ni n kò fi tètè ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ká ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣe é, ì bá sùn sílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní Wúràọlá ni, àwọn àgbà ìjọ ì bá dá sí i. Ìyá ìyàwó ńkọ́? Bọ́láwálé, pẹ̀lú táì lọ́rùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ilé ìdáná, táì náà wọnú omi ọṣẹ lọ.

"Ẹ ṣé, Mà," ó wí fún ilẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ìyá gbàdúrà fún un níbẹ̀, ó gùn díẹ̀. Ó ní ẹ̀gbin kò ní í rí ọ̀nà wọ ilé rẹ̀ mọ́ láéláé. Bọ́láwálé ṣe àmín bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Wúràọlá ti fi etí ìró rẹ̀ di ẹnu lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kọjá, ó rọra sọ fún un pé bọ́tìnnì ìgbéyàwó àwọn kò dán báyìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gbé Ìyá dé Oǹdó. Kì bá tí lọ sọ́dọ̀ Bàbá mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá ní òun yóò bá a lọ, kí Bàbá lè mọ ẹni tó fọ̀ wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Ọláfimíhàn gbé àwọn wágónù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n padà, ó wo ojú Bọ́láwálé.

"O kò gbọ́ ohun tí mo wí níjọ́sí?"

Bọ́láwálé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò lè sọ níṣojú Ìyá pé ìyá ìyàwó òun ló fọ ìpẹtà òun dànù. Níbi tí ó ti ń wá irọ́ tí yóò pa ni Ìyá ti tọwọ́ bọ àpò, ó ń wá áṣáà rẹ̀. Ohun tó fà yọ kì í ṣe agolo áṣáà. Wágónù ni. Wágónù àkọ́kàn, èyí tí wọ́n jù sórí pẹpẹ. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò Ìyá ti ń tì í lójoojúmọ́. Áṣáà ti jò gba gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Igun rẹ̀ kan ti tẹ̀.

Bàbá Ọláfimíhàn na ọwọ́ gbà á. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín.

"Kí ló ń rù?"

"Áṣáà," Ìyá dáhùn.

"Láti ibo dé ibo?"

"Láti àpò mi dé imú mi."

Bàbá mi orí. Ó wọlé lọ, ó mú ẹfun jáde, ó fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ wágónù náà, bó ti máa ń fà á sí èyí tó bá yẹ kó kọjá ní Ọ̀fà. "Èyí ti ṣiṣẹ́," ó wí, ó sì dá a padà fún Ìyá, kò dá a padà fún Bọ́láwálé.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé Ìyá, Bọ́láwálé rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gba wágónù yẹn, òun á ra agolo gidi fún un. Ìyá bi í pé ṣé èyí tó jù nù ló ń sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lójú títì. Ìyá ní kó dìde, kó má ba aṣọ jẹ́, ẹni tó máa fọ̀ ọ́ kò sí ní Ìjàpò mọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí oṣù tí Bọ́láwálé kì í gbé áṣáà lọ sí Oǹdó. Ó ń rà á pọ̀, èyí tó dúdú jù, tó lọ́ràá jù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ ọ́ sínú wágónù, tí á tún gbé e sókè wo abẹ́ rẹ̀ kó tó fi lé Ìyá lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò kò yé yìn ín. Wọ́n ní àwọn kò rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyá ìyàwó tó bẹ́ẹ̀ rí.