Ọ̀já Irúgbìn Màmá Bọ́lá

Ìwé kọ̀ǹpútà ni mo kà, ṣùgbọ́n tíṣù ni mo fi ń jẹun báyìí. Bí ọkọ mi bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lake Highlands, ní Texas níbí, á ní, "Ìyàwó mi wà nídìí ọ̀gbìn ìgbàlódé." Kò purọ́. Kò kàn fẹ́ dárúkọ tíṣù náà ni, nítorí gbogbo wọn ló mọ ibi tí wọ́n ń lò ó.

Nígbà tí iléeṣẹ́ wa ní àwọn ò nílò mi mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀. Màá gé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, kó gùn tó ebè kan. Màá po ìyẹ̀fun mọ́ omi títí á fi ki bí ògì. Òun ni àtè. Màá máa kán àtè náà sórí tíṣù, màá sì fi irúgbìn kọ̀ọ̀kan lé e, pẹ̀lú àyè láàárín. Bó bá gbẹ, a ká a. Ẹni tó fẹ́ gbìn á kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀, á sì bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Tíṣù á jẹrà, irúgbìn á hù. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè gbìn ín lórí ìdúró.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Bọ́lá nìyẹn. Bọ́lá ọmọ wọn, nọ́ọ̀sì ni, òun ló mú wọn wá láti Ìbàdàn sí Vickery Meadow nítòsí wa. Bí Bọ́lá bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó di Màmá nìkan àti tẹlifíṣọ̀n. Ebè kan tí máníjà ilé fún wọn lẹ́yìn ilé ni ìtura wọn. Màmá ní, "Ilẹ̀ yẹn nìkan ni kì í bá mi sọ òyìnbó." Ṣùgbọ́n ìdí ń dùn wọ́n lọ́dún yẹn, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbin nǹkan kan. Máníjà ilé ní ebè yòówù tí òun bá bá lófìfo nígbà tí òun bá padà wá, òkúta lòun máa dà sí i fún ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Màmá sọ fún Bọ́lá pé, "Tí wọ́n bá gba ilẹ̀ yẹn, ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Mi ò wá Amẹ́ríkà wá wo ògiri." Bọ́lá ń sunkún lórí fóònù nígbà tó pè mí.

Màmá wo ohun tí mo gbé wá. "Ìyá Tómi, ṣé èyí tí wọ́n fi ń nùdí ni?"

"Tuntun ni, Màmá. Ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó."

"Mo rí i pé wọn ò lò ó. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń béèrè."

Nígbà tí mo ti lẹ irúgbìn díẹ̀ mọ́ ọn, ojú wọn rọ̀. "Ó gbọ́mọ pọ̀n. Ọ̀já ni kó máa jẹ́. Mi ò lè sọ fún èèyàn pé inú tíṣù ni ẹ̀fọ́ mi ti hù."

A da kárọ́ọ̀tì, lẹ́tíùsì àti ewédú sínú abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ti pè mí láti fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́, mo bá jáde lọ dá wọn lóhùn. Wọ́n ní àwọn máa pè mí padà, irú ìpè tí èèyàn ń retí títí irun fi ń funfun. Nígbà tí mo wọlé, Màmá ti da àtè mi nù. Wọ́n ní àtè tútù kì í di nǹkan mú. Wọ́n ti ro sítáàṣì lórí iná, bí èyí tí wọ́n ń fi sí aṣọ, wọ́n sì ti dà á ní gbígbóná lé gbogbo irúgbìn lórí.

"Màmá, ẹ ti sè wọ́n."

"Ṣé mo fi iyọ̀ sí i ni?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò sí irúgbìn mìíràn nílẹ̀, a sì tò ó sórí tíṣù, a gbìn ín bẹ́ẹ̀. Màmá dúró gbọnrangandan, wọ́n ń na ọ̀já sílẹ̀, èmi ń bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kárọ́ọ̀tì ò hù. Lẹ́tíùsì ò hù. Mo ti ń fọkàn bá Màmá di ẹrù. Àfi bí ewédú ṣe yọrí, tó hù gìrìgìrì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Èmi tí mo dàgbà ní Súrùlérè, tí mo rò pé ẹ̀yìn ìsọ̀ ni ẹ̀fọ́ ti ń hù, mi ò mọ̀ pé oorun ni irúgbìn ewédú máa ń sùn, pé omi gbígbóná ni wọ́n fi ń jí i nílé. Gbogbo ewédú tí mo ti fi àtè tútù lẹ̀, kò hù fún oníbàárà kankan. Mo ti ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ Texas ni kò dára.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé omi gbígbóná ni wọ́n ń fún ewédú?"

"Ta ni kò mọ̀?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fún kárọ́ọ̀tì náà?"

"Èmi àti kárọ́ọ̀tì ò mọra. Ohun tí mo fún onílé ni mo fún àlejò."

A fi ewédú nìkan kún ìyókù ebè náà. Nígbà tí máníjà dé, ilẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀. Ó nawọ́ sí i, ó ní kí ni wọ́n ń pè é. Ibi tó nawọ́ sí, etí tíṣù kan yọ síta níbẹ̀. Màmá rò pé orúkọ tíṣù náà ló ń béèrè, wọn ò sì ní jẹ́ kí òyìnbó gbọ́ pé tíṣù ni. Wọ́n gbé àyà sókè: "Ọ̀já."

Ó yìn wọ́n títí. Kò pẹ́ sígbà náà ló kan pákó kan mọ́ orí ebè wọn, ó kọ OJA sí i gàdàgbà, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò fi àmì ohùn kankan sórí rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń kọjá bá ń kà á sí ọjà, wọ́n ń yà wá béèrè ohun tí wọ́n ń tà. Màmá gbé àga síbẹ̀, wọ́n ní kí n máa kó ọ̀já mi wá. Ìkòkò méjì ni mo ń lò báyìí: tútù fún àlejò, gbígbóná fún onílé. Iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn ò tíì pè.

Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, Bọ́lá ti rọ́wọ́ mú díẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá kí òun wá ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn tí wọ́n ń béèrè fún.

Màmá wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Ta ni màá wá fi ọjà sílẹ̀ fún?"