Ọbẹ̀ Pọ́n-ùn Méjì

Bí o bá jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án, òórùn ẹran tútù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, kí ti ẹja gbígbẹ tó tẹ̀ lé e. Àwọn alápatà Rye Lane kì í ti ilẹ̀kùn. Láti ojú títì ni wàá ti máa gbọ́ àdá wọn tó ń já egungun ẹsẹ̀ màlúù, tí omi ẹlẹ́jẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé ó jọ ilé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá gbọ́ ìró àdá lórí egungun, n kì í lè dúró pẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí mo bí i, ìyẹn la ṣe gbé e lọ sí Íńdíà nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí a tó ronú kan Lọ́ńdọ̀nù rárá. Wọ́n fi ayùn la egungun àyà rẹ̀ sí méjì, wọ́n dí ihò náà, wọ́n sì fi wáyà so egungun pa dà. Mo ní kí dókítà fi irú wáyà náà hàn mí. Kò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Ó ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ gbá a láyà fún oṣù mẹ́ta. Èmi sọ oṣù mẹ́ta di ọdún márùn-ún. N kò jẹ́ kó sáré, n kò jẹ́ kó gbé báàgì ìwé ara rẹ̀, bí a bá sì wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń fi í sí, kí n lè fi ara mi dí i.

Ní Íńdíà, opó kan ń ta oúnjẹ níwájú ọsibítù wa. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń bù ú sí: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà, ewébẹ̀ oríṣi mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn kan. Bí ọbẹ̀ rẹ bá fẹ́ẹ́ tán, á tún da òmíràn sí i láìjẹ́ pé o béèrè, àfi tí o bá ṣẹ́ ewé rẹ po ni yóò mọ̀ pé o ti yó. Àwa kò mọ̀. Ọmọ mi ń jẹ, obìnrin náà ń bù sí i, títí omi fi bọ́ lójú ọmọ, torí mo ti kọ́ ọ pé a kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù níwájú àgbà.

Peckham kò rí bẹ́ẹ̀. Iyán àti ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran méjì, pọ́n-ùn méjìdínlógún, ìyẹ̀fun tí wọ́n sì fi orógùn rò ni iyán ọ̀hún, wọn kò gún un. N kò bá ẹni tó ń tà á jà. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iná wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Mo máa wẹ̀ fún wọn, mo máa gbé wọn dìde, fún wákàtí kan àtààbọ̀, kí owó abọ́ kan tó pé. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí a máa jẹun níta.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ti ọsibítù bọ̀. Dókítà ibẹ̀ ní ọkàn ọmọ náà dára, ó ní kí n jẹ́ kó máa sáré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì gbà á gbọ́. Ọmọ ní iyán wu òun, a bá wọ ilé oúnjẹ kan, a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin mẹ́ta tó wọ aṣọ iṣẹ́ bíríkìlà wà ní tábìlì àárín. Èyí tó dàgbà jù ló pe àwọn méjì yòókù wá jẹun, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè bó ṣe ń ṣàlàyé ohun tí owó abọ́ kan níbí yóò rà n'Íbàdàn. Ọbẹ̀ rẹ̀ tán kí iyán rẹ̀ tó tán. Ó gbé abọ́ sókè sí obìnrin olóúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe nílé.

"Aunty, ẹ bá mi fi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i."

"Pọ́n-ùn méjì ni ọbẹ̀, Uncle."

"Ọbẹ̀ lásán? Mi ò ní kẹ́ ẹ fẹran sí i o."

"Tó bá wọ́n, Mókólá n'Íbàdàn ò sá lọ. Ẹ wọ bàálù, kẹ́ ẹ lọ gba ti ọ̀fẹ́."

Àwọn méjì tó pè wá jẹun bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló dáràn. Ká ní wọn kò rẹ́rìn-ín ni, ì bá kùn díẹ̀, kó sì jẹ iyán rẹ̀ ní gbígbẹ. Ó la abọ́ náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí obìnrin olóúnjẹ. Àbúrò ọkọ obìnrin náà, tó ń ro iyán lọ́wọ́, yọ láti ilé ìdáná, iyán gbígbóná ṣì lẹ̀ mọ́ orógùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sókè, ó là á mọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn alápatà ìta. Ọkùnrin náà wó lé tábìlì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín ló gbèjà rẹ̀: ó fọ́ igo mọ́ọ̀tì, ó sì fi ẹnu igo náà ya apá ẹni tó mú orógùn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ẹran apá náà là, ó funfun fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ tú jáde, tó pọ̀ débi pé àwọn tó ń jà ń yọ̀ ṣubú nínú rẹ̀. Ẹnì kẹta gbé àga sókè.

Ìjà náà ló wà láàárín àwa àti ilẹ̀kùn. Mo ti wọ́ ọmọ mi sábẹ́ tábìlì, mo fi gbogbo ara mi bò ó, mo sì di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Àga bà mí lẹ́yìn. Gíláàsì fọ́ sí mi lórí. Nǹkan lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn wọ ojú mi, mo rò pé ọbẹ̀ ni. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa, mo sì tún tẹ̀ mọ́ ọmọ náà sí i. Mo ń ro wáyà tó wà nínú egungun rẹ̀.

"Mummy, ẹ dìde lórí mi." Ohùn rẹ̀ kéré. "Mi ò lè breathe."

N kò dìde. Òun ló fi ọwọ́ méjèèjì tì mí kúrò, pẹ̀lú agbára tí n kò mọ̀ pé ó ní. Ó wo ojú mi, ó ní, "Orí yín ló ń bleed," ó di ọwọ́ mi mú, a sì rákòrò gba ẹ̀yìn fírísà wọ ilé ìdáná. Obìnrin olóúnjẹ dúró síbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú fún wa. Ní òpópó ẹ̀yìn, ọmọ mi bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi di orí mi, ó sì pe ambúláǹsì. Nígbà tó gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti wọ Rye Lane, ó ní kí n má kúrò níbi tí mo jókòó sí, ó sì sáré lọ pàdé wọn.

N kò rí i kó sáré rí. Mo lanu láti pè é pa dà, àmọ́ ó ti dé ìkángun òpópó náà, ó ń ju ọwọ́ sókè sí wọn.

Wọ́n rán orí mi. Apá àbúrò ọkọ olóúnjẹ kò lè mú orógùn mọ́, ẹni tó ya á sì wà lẹ́wọ̀n. Nítorí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni mo máa ń rò jù. Igo, àga àti orógùn ọjọ́ náà, ọ̀kankan kò kan ọmọ mi láyà. Ohun kan ṣoṣo tó tẹ àyà yẹn mọ́lẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu rẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ ni.