Hóró Kan Létí Ìró

Ní Upenmen nítòsí Ọ̀wọ̀, bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu pé òun mọ ebè í kọ, wọn á ní kó rọra, Boniface ṣì wà láyé. Òótọ́ sì ni. Ebè rẹ̀ ga, ó dúró dáadáa, òjò kì í wó o. Nígbà tí agbára ṣì wà, kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ìdíje ẹgbẹ́ àgbẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ìpele. Láti ọjọ́ náà ni ìbàdí rẹ̀ kò ti jẹ́ kó gbádùn. Dókítà kan ní Ọ̀wọ̀ ló kọ oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní tírámádọ̀ fún un, hóró kan láràárọ̀. Ọmọ́lẹ́yẹ ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun nìkan ló mọ bí ọkọ òun ṣe ń kérora kó tó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn yìí kan náà làwọn ọ̀dọ́ wá ń dà mì kí wọ́n lè kọ ebè bí ẹ̀rọ. Níbi ìdíje èṣí, Láníyì, ọmọ àbúrò Boniface, ṣubú sáàárín poro, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Orí ló kó o yọ. Boniface fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé pé kí wọ́n ṣòfin: ẹni tó bá lo oògùn kankan lọ́jọ́ ìdíje kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Òfin tó fẹnu ara rẹ̀ dá, òun ló kọ́kọ́ mú.

Nítorí Prosper ọmọ wọn fẹ́ díje fúngbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí fún un láti kékeré pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ kọ ebè lọ́jọ́ náà. Ọmọ́lẹ́yẹ lọ bẹ Gbọ́lá, alága ẹgbẹ́. Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní oògùn dókítà kì í ṣe màgòmágó, kí bàbá máa bọ̀. Boniface kọ̀. Orí kunkun, bí gbogbo ará ilé wọn!

“Hóró tèmi àti ti Láníyì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́,” ó ní. “Bí mo bá lò ó, ta ni yóò gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi mọ́?”

“Ti Láníyì, kó lè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni,” Ọmọ́lẹ́yẹ dá a lóhùn. “Tiyín, kẹ́ ẹ lè nàró ni.”

Boniface mọ̀ pé òótọ́ lobìnrin náà sọ, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó dá hóró náà padà sí i lọ́wọ́. Inú bí Ọmọ́lẹ́yẹ, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn lọ sóko.

Prosper fẹ́ máa dúró de bàbá rẹ̀, bàbá ní kó máa lọ. Bí Boniface bá kọ ebè kan, á dúró, á fọwọ́ ti ìbàdí, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ti parí, wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kúrò lóko. Ojú Ọmọ́lẹ́yẹ kún fómi, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò létí ìró.

Nígbà tí Boniface fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá ebè tó kẹ́yìn, òun náà ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọmọ́lẹ́yẹ la àárín poro kọjá lójú gbogbo ènìyàn, ó tú etí ìró.

“Ìdíje ti parí, Bàbá Prosper. Ẹ lanu.”

Boniface lanu bí ọmọdé. Láníyì ló gbé omi wá.