Bí Mojísọ́lá Ṣe Yege ní Ẹrúnmu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti Mojísọ́lá ọmọ mi fi kúrò ní Ọlọ́runṣògo. Dókítà ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú làkúrègbé. Làkúrègbé ló di ìka ìyá rẹ̀ pa, tí kò fi lè gbé ife tíì mọ́, kó tó fi ayé sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Nílé ìwòsàn Ẹrúnmu, ọmọ mi yóò ṣàlàyé ìwádìí oògùn kan fún àwọn aláìsàn, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì máa wò ó. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, yóò tún ọdún kan kọ́.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà la san dé Ẹgbẹ́dá. Lẹ́yìn ibẹ̀, kòtò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Awakọ̀ rí Mojísọ́lá nínú aṣọ dókítà, tó ń dá sọ̀rọ̀. “Dókítà, ìdánwò lẹ ń lọ ṣe ni àbí ìwàásù?”

“Méjèèjì ni.” Kò lè jẹ àkàrà tí mo rà.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jókòó síwájú. Ní Ẹrúnmu, àgbà ló ni iwájú. Nígbà tí Mojísọ́lá sọ pé ìbò ni wọ́n ṣẹ́ láti fi pín àwọn aláìsàn sídìí oògùn tuntun àti ti àtijọ́, màmá àgbẹ̀ kan níwájú fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

“Ìbò? Àgbà ò wá gba tiẹ̀ ṣáájú mọ́? Àpọ́nlé ti tán lọ́wọ́ yín!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé. Mojísọ́lá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó pa á dé.

“Màmá, ẹ ti gbin àgbàdo tuntun rí?”

“Ọkọ mi gbìn ín. Ó gbin tuntun sórí ààtàn, ó gbin ti àtijọ́ sórí àpáta, ó wá ń fi tuntun yangàn. Lọ́dún kejì, mo gbin méjèèjì sójú ilẹ̀ kan náà. Ọgbọọgba ni wọ́n so! Áà! Ààtàn ló ń yangàn.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Àgbà tí làkúrègbé ti ń bá jà tipẹ́ ni àpáta. Bí wọ́n bá gba gbogbo tuntun, oògùn náà yóò dà bí ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ìbò ló ń pín àpáta àti ààtàn dọ́gba.”

“Ṣé tuntun yìí wá dáa?”

“Ó dín ìrora kù ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fi wò ó. Mi ò lè búra fún ohun tó kọjá bẹ́ẹ̀.”

“Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun parí sí ni kó fọwọ́ kan orúnkún mi.”

Ọ̀gá pa ìwé dé. “Dókítà, o yege.” Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Láti ọdún tó kọjá ni aládùúgbò wa kan ti ń sọ pé àgbo kan wo ìyá òun sàn, pé à bá ti lò ó. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn na ara mi. Nínú ọkọ̀ tá a bá padà, mo bi ara mi: ìyá aládùúgbò yẹn ńkọ́, orí ààtàn ni àbí orí àpáta? Mo ju pàṣán náà nù.

Mojísọ́lá wọlé ṣáájú mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú àga ìyá rẹ̀: “Màámi, mo yege o!”

Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n lè parí ọ̀rọ̀ wọn.