Aṣọ Tí A Kì Í Sá Síta

Òórùn sítáàṣì gbígbóná kọlu imú mi lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ ní Gowon Estate, ni mo bá tún di ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ọlọ́pàá ni bàbá mi. Inú yàrá ni màmá mi máa ń sá yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sí, kí àwọn adigunjalè má baà mọ ibi tó ń gbé. Abẹ́ aṣọ dúdú yẹn ni mo ti ń jẹun, tí omi rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kẹta tí àwọn adigunjalè yìnbọn pa á lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìyànà Ìpájà, màmá mi fọ èyí tó kù nílé, ó fi sítáàṣì sí i, ó sì sá a síta gbangba lọ́sàn-án gangan. Tíṣà ará Èkìtì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ṣí fìlà.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sí ẹni tí à ń fi pamọ́ mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà mí.

"Mọ́mì, wọ́n á mọ̀ pé ọlọ́pàá ni Dádì o!"

Ó fọwọ́ tún kọ́là yúnífọ́ọ̀mù náà ṣe kó lè dúró dáadáa.

"Jẹ́ kí wọ́n mọ̀."