Ẹni tí Ọmọ Náà Ń Dúró Dè

Tí mo bá tú ìdì aṣọ bọ̀síkọ̀rọ̀ lọ́jà Missèbo láàárọ̀, tí mo tún un dì nírọ̀lẹ́, tí mo wọ ọkọ̀ dé ilé wa ní Ekpè, ojú mi kì í fẹ́ rí nǹkan mìíràn ju ẹní lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin, ilé ìwé Faransé ló ń lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí àgbà kan máa jókòó tì í nílé, kí àwọn méjèèjì jọ máa kàwé sókè, kí ẹnu ọmọ náà lè dá ṣáṣá. Ìyàwó mi kò kàwé rárá. Èmi tí mo já ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ni àgbà tó kù.

Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin tó ń bá àwọn aṣọ́bodè jiyàn, ìlà Faransé mẹ́ta ló ń mú un làágùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, mo máa ń wúkọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń nu dígí ojú mi, bẹ́ẹ̀ dígí náà kò dọ̀tí. Ọmọ náà kò fi mí ṣẹ̀sín. Ìka mi á wà lórí ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa tẹ̀ lé tèmi. Mo ṣe bí mò ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ń lọ sópin, olùkọ́ ránṣẹ́ pè mí. Mo wọ bùbá tí mo fi ń kírun Jímọ̀, àfi bí ẹni pé bùbá ló máa kàwé fún mi. Olùkọ́ ní ọmọ náà lè tún kíláàsì ṣe, kíkà rẹ̀ ti falẹ̀ jù, àmọ́ òun á tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kó kà kí n gbọ́. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Ó ka òmíràn, ó tún dúró, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Kò sì ṣi ọ̀kan pè.

Olùkọ́ bi mí ní Faransé, ó tún fi èdè Fọ̀n bi mí kó lè yé mi: “Ta ni ọmọ yìí ń dúró dè?”

Mo mọ ẹni náà. Bùbá Jímọ̀ ló wọ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, mo bi í ìdí tí kì í fi í lọ níwájú.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ọmọdé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà.”

Mo sọ ọ́ lóòótọ́, lọ́jọ́ tó dá ọ̀rọ̀ mọ́ èmi àti àlejò lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún un pé, “Kò sí àgbà nínú ìwé. Máa lọ, kó o fi mí sílẹ̀.”

Ó rò pé mò ń dán òun wò ni, ó ṣì ń rọra bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo bá panu mọ́. Ó dúró, ó dúró títí, kò gbóhùn mi. Ló bá dá nìkan kà á, ó kọ́kọ́ ń rìn, nígbà tó yá, ó ń sáré. Mo fẹ́ bá a dé ìparí, ṣùgbọ́n ó ti ṣí ojú ewé kejì kí n tó ka ìlà tó gbẹ̀yìn tán.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ló wí. Kò sì ṣí i padà.

Olùkọ́ tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà sì bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Ìwé ibẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣì ń jókòó tì í tòun ti àárẹ̀ mi, mò ń wúkọ́ bọ̀ lẹ́yìn.