Ẹyẹ Tí Ojúlówó Ń Wò

Ojúlówó kì í ṣe orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ló fún un lórúkọ náà. Òun ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó jáde. Bí òwú kan bá yọ, bí ojú ìrán kan bá wọ́, ojú rẹ̀ á ti bà lé e kí ẹni tó rán an tó gbórí sókè. Aṣọ tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ojúlówó ni. Ojú tí òun fúnra rẹ̀ ní sí orí náà, ojú ni. Wọ́n bá kó méjèèjì pọ̀, wọ́n fi ń pè é.

Kí n má purọ́ fún yín, ojú yẹn kì í sinmi. Tó bá kúrò níbi iṣẹ́, á tún máa yẹ ilé wò. Á wo ìkòkò, á wo fèrèsé, á wo bàtà ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa jó nílẹ̀ bíi pé ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò tíì rí ẹni tó lè búra pé òun rí i rí kó fẹ̀yìn ti àga.

Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ọsíbítù dé ni ọ̀rọ̀ náà wá le sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, kí àìsàn ọkàn tó dá a jókòó sílé. Àwọn dókítà ní ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, kó ṣáà ti máa jẹun dáadáa. Jíjẹ yẹn gan-an ni Bàbá, bí Ojúlówó ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀, kọ̀ tí kò jẹ. Á bu ṣíbí bíi méjì, á ti àwo sẹ́yìn, á kọjú sí ògiri. Ojúlówó á sì ti jókòó síwájú rẹ̀, á ranjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tó ń yẹ ojú ìrán wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún jẹ díẹ̀ sí i."

"Mo ti yó."

"Kí lẹ jẹ tẹ́ ẹ fi yó?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókèèrè ló ní kí wọ́n wá ohun ẹlẹ́mìí kan sílé fún bàbá òun, kó lè rí nǹkan máa bá ṣeré. Ajá á gbó jù, ológbò sì máa ń mú kí Bàbá máa sín. Bí Ojúlówó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́yẹ nìyẹn, obìnrin kan tó ń sin odídẹrẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Èyí tó fún Ojúlówó kéré láàárín àwọn ẹyẹ rẹ̀. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù rẹ̀ pupa fòò, ẹyinjú rẹ̀ ṣì dúdú nítorí pé ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́yẹ ní ó ti ń dá jẹun fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣèyọnu.

Wọ́n gbé àgò ẹyẹ sórí àpótí nínú yàrá Bàbá. Bàbá yíjú kúrò lára ògiri.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ọkùnrin náà dìde jókòó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ láti inú yàrá: "Ṣé ó ti jẹun?" Láti ìgbà tó ti ti ọsíbítù dé títí di ọjọ́ yẹn, kò béèrè nǹkan kan rí, kò tiẹ̀ béèrè ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà. Omi lé ròrò sí Ojúlówó lójú. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó lọ ń fọ àwo tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹyẹ kò jẹun. Ó dúró sí kọ̀rọ̀ igi tí wọ́n ṣe sínú àgò, ó fún ìyẹ́ mọ́ra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbàdo wà bó ṣe wà, ẹ̀pà wà bó ṣe wà, kárọ́ọ̀tì ti gbẹ, omi kò sì fi ìkan dín. Ojúlówó gbé àníyàn lọ sí ibi iṣẹ́. Àárín àwọn ẹ̀rọ ló wà, tí gbogbo wọn ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Ẹlẹ́yẹ ni.

"Màmá, ṣé ó ti jẹun?"

"Kò fẹnu kan nǹkan kan o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ilé tuntun ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, tẹ́ ẹ bá ti gbé oúnjẹ fún un..." Ẹ̀rọ kan bú ramúramù. "...ẹ máa wò ó o! Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Kí n máa wò ó! Mo gbọ́! Ìyẹn ò lè ni mí lára!"

"Ó dáa. Tó bá wá di Sátidé tí kò jẹ, ẹ gbé e padà wá, kó má lọ kú mọ́ yín lọ́wọ́."

Kí wọ́n ní kí Ojúlówó máa wo nǹkan! Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí yìí, tí wọn ò bá bẹ̀ ẹ́ pàápàá, á ṣe é. Bó ṣe dé ilé, ó fa àpótí síwájú àgò, ó jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki imú bọ àárín wáyà. Ó wo ẹyẹ, ẹyẹ wò ó. Ẹyẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé e sílẹ̀. Ojúlówó gbé abọ́ oúnjẹ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Kò jẹ. Ó gbé omi sókè díẹ̀. Kò mu. Ó pààrọ̀ abọ́ pupa sí funfun, ó gé kárọ́ọ̀tì sí wẹ́wẹ́, ó tún gbé oúnjẹ padà sí ọ̀tún. Níkẹyìn, ó bu omi sínú ṣíbí, ó nà án sí ẹyẹ lẹ́nu láti àárín wáyà. Ẹyẹ náà kùn, ó fò sẹ́yìn, omi dà sí i láyà. Ó dúró, ó ń gbọ̀n.

"Jẹ, jọ̀ọ́," ni Ojúlówó ń wí. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré wálé nígbà tí wọ́n jáde oúnjẹ ọ̀sán, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wá wo ẹyẹ, ó tún sáré padà. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wọn gbé aṣọ kan wá bá a, ìrán rẹ̀ wọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ Ojúlówó ló sì ti kọjá. "Màmá, ṣé ara yín dá ṣá?" Ojú tì í, ó gba aṣọ náà, ó jókòó tú ìrán rẹ̀.

Nílé, ìdààmú ti di méjì. Bàbá ti àwo ìrẹsì tì. "Ọmọ yẹn ò jẹun láti ìjẹta, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Oúnjẹ ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá." Ojúlówó bá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Á wo ẹnu Bàbá, á wo ẹnu ẹyẹ, á tún wo ti Bàbá, títí tí ọrùn fi ń ro ó. Kò sí èyí tó lanu nínú wọn. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù kí ẹyẹ má kú nìkan. Bí ẹyẹ yìí bá padà lọ, Bàbá á tún kọjú sí ògiri, kò sì dá a lójú pé á yíjú padà mọ́.

Nígbà tí Sátidé pé, egungun àyà ọmọ ẹyẹ náà ti ń yọ. Ojúlówó ju aṣọ bo àgò, ó gbé e.

"Ibo lò ń gbé e lọ?" Bàbá béèrè.

"Mo fẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́yẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Ṣé o máa gbé e padà wá?"

Ojúlówó ṣe bí ẹni ń wá bàtà. Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ mú ẹyẹ jáde, ó fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀. "Kò ṣàìsàn. Ebi ló ń pa á. Ta ló máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé oúnjẹ fún un?"

"Èmi ni. Mo wò ó bẹ́ ẹ ṣe wí. Mi ò ṣẹ́jú."

"Bí mo ṣe wí báwo?"

"Ẹ ṣáà ní kí n máa wò ó."

Ìyá Ẹlẹ́yẹ pàtẹ́wọ́. "Yéè! Màmá! Ẹ má wò ó ni mo wí o! Má! Má, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo báyìí. Ẹ̀yin lẹ fà á gùn di máa!"

"Ẹ̀rọ ló ń pariwo," ni Ojúlówó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọmọ kékeré dé ilé àjòjì, ó rí ojú ńlá méjì tó ranjú mọ́ ọn láìṣẹ́. Ó rò pé wọ́n fẹ́ pa òun jẹ ni! Ta ló máa jókòó jẹun níwájú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ojúlówó náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò pẹ́. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́yẹ rí ojú rẹ̀, ó fa àga fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fún un ní agolo pẹlẹbẹ tí ẹyẹ náà ti ń mu omi láti kékeré. Ó ní kí wọ́n gbé àgò ti ògiri, kí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé abọ́ kiri mọ́. "Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ bu oúnjẹ tiyín, kẹ́ ẹ kọ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ máa jẹ. Tó bá ti gbọ́ pé àwọn ará ilé ń jẹun, á mọ̀ pé kò séwu. Ẹ fún un dọ̀la, ẹ pè mí." Ó gbé ìka sókè. "Ẹ kọ̀yìn sí i o. Kí n tún un wí?"

"Mo ti gbọ́," ni Ojúlówó wí.

Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Ó ti dá rìn dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan di férémù ilẹ̀kùn mú. "O gbé e padà," ló wí, ó sì yà fún wọn kí wọ́n wọlé.

Yàrá náà ò fẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá ni àgò ṣe déédéé sí. Kí Ojúlówó tó lè kọ̀yìn sí ẹyẹ, àfi kó kọ̀yìn sí Bàbá náà, kó dojú kọ ilẹ̀kùn. Ó bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún Bàbá, ó bu tirẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé ẹyẹ ò fẹ́ kí wọ́n wo òun, ó sì jókòó.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé, kò sí èyí tó nira tó yìí. Ọrùn rẹ̀ ń fẹ́ yí fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, ó rántí pé ó yẹ kóun máa jẹun, ó fi ìrẹsì sẹ́nu, kò mọ adùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó yẹ ọ̀dà ara ilẹ̀kùn náà wò, ó rí gbogbo ibi tó ti bó. Ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ló bá gbọ́ nǹkan. Agolo dún, kó, kó. Ó tún dún. Omi ni wọ́n ń mu yẹn. Kò pẹ́, èèpo ẹ̀pà fọ́ pà. Ojúlówó fọwọ́ di àyà mú, kò yíjú. Ìgbà náà ni ìró mìíràn bẹ̀rẹ̀, nǹkan ń ha ara àwo, ó sinmi, ó tún ń ha. Ó rò pé ẹyẹ ni, àfìgbà tó rántí pé ẹyẹ kì í fi ṣíbí jẹun.

"Bàbá?" Ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ yí.

"Má wò wá," Bàbá wí. Oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀.

Ojúlówó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ tó ti jókòó tì padà wá sí i lọ́kàn, àti ẹnu ọkùnrin yìí tó ti ranjú mọ́ bí ẹni ń wá àléébù. Ìtìjú mú un, inú rẹ̀ sì dùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ kí ìkankan nínú wọn jáde, kí ẹyẹ má bàa gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀pà ń fọ́, ṣíbí ń dún.

Nígbà tó ṣe, àwo kan gba ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ yọ síwájú. Ó ti mọ́ féfé.

"Bù sí i," Bàbá wí.

Ó gbà á, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn tó dojú kọ, ó sì lọ sí ilé ìdáná láìwẹ̀yìn.